Àwo Àlejò Tó Sọnù Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Wa

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀, kí n ròyìn ohun tí mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa nílùú Ìbà fún yín.

Dúpẹ́ ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò gbà? Yàrá wa kún dẹ́nu! Táyà kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, agboòrùn tó ku egungun, àtùpà tí ìgò rẹ̀ ti fọ́. Tí mo bá ní ká kó o dànù, Bàbá Dúpẹ́ á ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wúlò. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ náà ò mà lórúkọ!

Ọjọ́ tí Dúpẹ́ forí gbá irin agboòrùn, tí kókó yọ níwájú orí rẹ̀, mo so ìró mi gírí. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Mo wọ́ ẹrù jáde títí mo fi kan àpótí kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Háà! Àwo tánganran olódòdó, tí wọ́n fi àkísà wé bí ọmọ tuntun!

Ìyá ọkọ mi ló fi owó àgbọn tí wọ́n tà rà wọ́n nígbà ìgbéyàwó wa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí àlejò pàtàkì bá dé. A gbọ́ràn. A fi í pamọ́ débi pé nígbà tí ọ̀gá ọkọ mi wá kí wa, a tú gbogbo ilé, a ò rí i! Abọ́ pánù tó ti bó létí ni ọ̀gá fi jẹ ìrẹsì. Ìyá ṣépè fún olè títí ohùn wọn fi há. Àwa la sì ń ṣe àmín!

Mo fọ ọ̀kan, mo fi bu ẹ̀kọ fún Dúpẹ́. Àfi bí Ìyá ṣe wọlé.

“Ìyàwó! Kí lojú mi ń rí yìí?”

Mo kúnlẹ̀. “Àwo yín ni, Ìyá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà.”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Èpè tí mo ṣẹ́ wá ńkọ́?”

“Ẹ tètè bá wa yí i padà o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí ojú wọn tún fi le. Wọ́n ní kí n dá a padà sínú àpótí, àlejò ṣì ń bọ̀.

Tí àpótí bá padà, táyà á tẹ̀lé e, Dúpẹ́ á sì padà sẹ́yìn mi. Mo bi wọ́n jẹ́jẹ́ bóyá àwọn fúnra wọn ti fi àwo náà jẹun rí.

Wọ́n mi orí pé rárá. Ẹni tó rà á! Wọn ò fi jẹun rí.

Dúpẹ́ rá kọjá láàárín yàrá tó ti ṣófo, ó di ìró wọn mú. Ìyá jókòó sórí ẹní.

“Ó dáa, bu tèmi wá. Àmọ́ èyí tí òdòdó rẹ̀ pé ni kó o fún mi!”

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Dúpẹ́ ń wá táyà. Mo ní ọjọ́ tó máa wúlò ti dé, kí wọ́n wo ìta. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń yí i kiri.

Ohun rere tí ẹ fi pamọ́ fún àlejò, ẹ jẹ́ kí onílé tètè fi jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tiyín tí ẹ ti tìtorí rẹ̀ ṣépè fún olè? Ẹ sọ ọ́ o, kí n má dá nìkan rẹ́rìn-ín ara mi!