Ẹ̀pẹ́ Àwọn Faransé

Òórùn káfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mọ́mì ti tẹ́ súwẹ́tà pupa méjì sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó na apá wọn tọ́ dáadáa. Níta, oòrùn Sharjah ti ń yan ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, ó ń kán omi sí bàlíkónì, iyanrìn sì ti bo ojú fèrèsé. Ta ní ń ra súwẹ́tà nírú ìlú bẹ́ẹ̀? Àwa ni. A fẹ́ lọ lo họlidé nílẹ̀ Faransé.

Ìbejì ni mí, Kẹ́hìndé lorúkọ mi. Ohun tí wọ́n bá rà fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ra á fún èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táíwò ti rin ìrìn àjò láti ọdún méjì ṣáájú. Ibà ló gbé e, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sharjah. Ẹ̀yin ìbejì ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé a kì í fẹnu sọ ọ̀rọ̀ ikú nípa ìbejì, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó tẹ̀ lé e. "Ó rin ìrìn àjò" la máa ń sọ. Mọ́mì a tún fi kún un pé, "Àjò ò ní dùn títí kónílé má relé." Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, mo gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ṣebí àwọn náà ló sọ fún mi pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Lójú tèmi, bí Táíwò bá lọ síbì kan, èmi ni mo rán an. Ibi tí mo rán an lọ gan-an ni mi ò mọ̀.

Dádì máa ń ra fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ní Deira, ọjà kan ní Dubai lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sharjah, ó ń kó wọn sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Lọ́dún yẹn, ọjà dára, ó sì ní kí Mọ́mì yan ibi tó bá wù ú láti lọ sinmi, torí ẹ̀rín ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mọ́mì kó ìwé ìpolówó jọ láti ṣọ́ọ̀bù onítíkẹ́ẹ̀tì kan ní Bur Dubai. Nínú gbogbo rẹ̀, oko èso àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe ṣanpéènì ló yàn. Dádì rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ tí o ò mu kọjá móòtì! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa gbọ́ o."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ewéko ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ọtí."

Épernay ni orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni Mọ́mì ń pè é. Dádì, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an, a ní, "Ẹ̀pẹ́ la ti wá, Ẹ̀pẹ́ la tún ń lọ. Ṣé wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀?"

Lójoojúmọ́ tí mo bá ti iléèwé dé, Mọ́mì á ti tẹ́ ìwé wọ̀nyẹn sórí tábìlì, á máa kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ mi àtijọ́: oṣù September, nígbà tí wọ́n ń ká èso, ọkọ̀ ojú irin láti Paris, yàrá tó ní kíṣíìnì, torí Dádì ò lè jẹ búrẹ́dì lọ́sẹ̀ kan gbáko, ata gbígbẹ tí a máa dì lọ. Èmi, ojú ìwé kan ni mo máa ń ṣí. Ọ̀nà gbọọrọ kan ni, funfun báláú, tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Ìgò àìmọye dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, gbogbo wọn korí síbì kan náà, ọkùnrin kan tó gbé fìtílà dání sì ń fọwọ́ yí wọn díẹ̀díẹ̀. Mọ́mì ní wọ́n máa ń sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi í pé ṣé wọ́n máa ń jí.

"Wọ́n máa ń gbé wọn jáde tó bá tó àkókò," ló wí.

Ọjọ́ náà ni mo mọ ibi tí mo rán Táíwò lọ. Inú mi dùn gan-an.

Láàárọ̀ súwẹ́tà yẹn, físà ni èmi àti Mọ́mì fẹ́ lọ gbà. A wọ abra, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn kọjá láti Deira sí Bur Dubai. Mọ́mì jókòó, ó fi èmi sí apá kejì, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wa. Bàbá ará Pákísítáànì kan fẹ́ jókòó síbẹ̀. "Somebody dey there," ni Mọ́mì wí jẹ́jẹ́. Bàbá náà wo àyè òfìfo, ó wo ojú Mọ́mì, ó ní, "Khalas, madam," pé kò burú, ó sì lọ dúró síwájú. Kò wẹ̀yìn mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Nígbà yẹn, inú páṣípọ̀tù ìyá ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ọmọ sí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn kántà ní ọ́fíìsì físà àwọn Faransé ka orúkọ méjì, ó rí ọmọ kan. Ó béèrè èkejì. Mọ́mì ní ó rin ìrìn àjò. Ó ní lọ síbo? Mọ́mì tún ní ó rin ìrìn àjò ni ṣáá. Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní bí wọn ò bá mọ ibi tí ọmọ kejì wà, kò sí físà fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé mo lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo yọ ìwé ìpolówó náà nínú báàgì Mọ́mì, mo ṣí ibi abẹ́ ilẹ̀ yẹn, mo fìka sórí àwọn ìgò. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì iléèwé mi sọ pé, "Ibí ló wà. Èmi ni mo rán an, kó lọ wò ó bóyá ibẹ̀ dára. A fẹ́ lọ mú un bọ̀ ni."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí páṣípọ̀tù bí ẹni tí iná jó. Mọ́mì fa orí mi mọ́ ikùn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di mí létí pinpin. Mo gbójú sókè, mo rí ẹnu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé ohun tó ń gbọ́ Yorùbá ò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Obìnrin náà tọrọ gáfárà, ó sì fa ìlà la orúkọ Táíwò kọjá lórí fọ́ọ̀mù.

Wọ́n fún wa ní físà. A ò lọ.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?" ni Dádì béèrè nírọ̀lẹ́.

"Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀," ni Mọ́mì dáhùn, "nígbà tí mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́?"

Àṣé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń lọ wá a.

Mo ti dàgbà ju bí Mọ́mì ṣe wà nígbà náà lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ sí agbègbè yẹn kan náà. Ó ti yan hòtẹ́ẹ̀lì, ó ti yan ọjọ́. Mo ní mi ò lọ. Ó béèrè ìdí, mo ní òtútù ni. Irọ́ ni mo pa fún un. Ọmọ ọdún méje yẹn ì bá sáré wọ abẹ́ ilẹ̀ náà láì gbé fìtílà. Èmi àgbàlagbà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n débẹ̀, kí n wò ó yíká, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni.