Oko Kajú Tí Mo Rò Pé Mo Ti Ń Gbà Padà

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, mò ń ya àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan, nígbà tí lẹ́tà wọlé sórí fóònù mi: yunifásítì ti gbà mí láti wá kàwé gba oyè kejì nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi láti fèsì. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, bíi ti ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn, tó sì mọ̀ pé ẹni tí òun jẹ lówó ló wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bi ara wọn pé kí ló ń bà mí lẹ́rù. Oyè àkọ́kọ́ nìkan kò sọ èèyàn di ayàwòrán ilé. Láìsí ìkejì, n kò lè jókòó ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani sínú iṣẹ́ náà, n kò sì lè fi orúkọ ara mi sábẹ́ ilé tí mo bá fọwọ́ ara mi yà. Ọ̀gá mi ló ń fi tiẹ̀ sí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà ni mò ń gbà lóṣù. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti gboyè kejì, ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Onítáìsì tó ń bá wa lẹ táìsì sílẹ̀ ilé ń pa owó oṣù mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, ó sì máa ń bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Àǹtí Akítẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n gbà yín síṣẹ́ ni?"

Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn bébà kan. Tí mo bá kó owó ilé-ìwé ọdún méjì pọ̀ mọ́ owó oṣù tí n kò ní gbà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Tí ohun tí oyè náà máa fi kún owó oṣù mi bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ó máa gbà mí ju ọdún mẹ́rin lọ kí n tó padà síbi tí mo wà lónìí. Mo tún un ṣírò. Iye kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ gbèsè àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo wọ ọdún kẹta ní yunifásítì, tí ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì sí, bàbá mi fi oko kajú rẹ̀ tó wà lọ́nà Lánlátẹ̀ dógò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alájì kan tó ń ra kajú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni ó gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká èso oko ìdógò. Èso yẹn ni èlé rẹ̀. Owó tó yáni kì í dín, bó ti wù kí kajú so tó. Láti ìgbà náà, ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tí bàbá mi gbìn sẹ́yìn ilé ní Igbó-Ọrà ló fi ń jẹun.

Nítorí náà, láti oṣù tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì Alájì lóṣooṣù. N kò sọ fún bàbá mi. Mo fẹ́ kó bá a lójijì, pé lọ́jọ́ kan màá kàn sọ pé, "Bàbá, ẹ lọ ká kajú yín." Mo ti fojú inú rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí, ìyẹn ni mo sì fi ń tu ara mi nínú lọ́jọ́ tí mo bá mu gààrí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ti fi í ránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sílé, èmi àti bàbá mi sì gun ọ̀kadà lọ bá Alájì ní Lánlátẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó jẹ́ kí n dá sísan owó náà dúró díẹ̀, bí mo bá padà sílé-ìwé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi epo pa irin òṣùwọ̀n tó fi ń wọn kajú.

"Bàbá Akítẹ́ẹ̀tì," bó ṣe máa ń pe bàbá mi nìyẹn, "ẹ tún gbé ọ̀gá fúnra ẹ̀ wá. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wẹ̀."

"Bí ẹ bá wẹ̀, ta ló máa dá yín mọ̀?" ni bàbá mi fèsì.

Mo kúnlẹ̀. Alájì gbàdúrà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí. "Ọmọ yìí mọ̀ mí," ó sọ fún bàbá mi. "Oṣù kan kì í kọjá kó má rántí mi. Àwọn tí mo bí, tí wọ́n wà l'Ékòó, àfi kí wọ́n máa pè mí pé nǹkan wọ́n."

Mo ní, "Ẹ ṣé sà. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó dín mẹ́wàá."

"Ó ku kí ni?"

"Owó oko, sà. Èyí tí mò ń san díẹ̀díẹ̀."

Alájì gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ó wo bàbá mi, bàbá mi wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, owó tí o fi ń kí mi lo fi ń gba oko? Ta ló ń gba oko ìdógò ní díẹ̀díẹ̀? Ṣé ẹran ọjà ni, tí wọ́n á máa gé tà? Níwájú ẹlẹ́rìí méjì ni mo ka owó fún bàbá ẹ. Lójú wọn náà ló yẹ kó padà, kó sì pé." Ó yíjú sí bàbá mi. "Nígbà tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ṣé mi ò pè yín kí n dúpẹ́?"

"Ẹ pè mí," ni bàbá mi wí. "Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Inú mi tiẹ̀ dùn."

Ìtìjú bò mí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Alájì. Èmi ni mo mú ọgbọ́n báǹkì wọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti báǹkì, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń kọ mọ́ owó náà ni "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, màá rò pé ìkíni ni.

Nígbà tí Alájì rí i pé omi ti lé ròrò sí mi lójú, ó ní òun ò ní jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá kó ìyókù wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú ẹlẹ́rìí, kí kajú tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, òun á ka èyí tí mo ti san mọ́ ọn. Bó bá kọjá ìgbà yẹn, ó di owó ìkíni. "Tó bá sì jẹ́ ilé-ìwé lo fẹ́ padà sí," ó ní, "màá gbé mílíọ̀nù kan lé ti tẹ́lẹ̀, kí oko ṣì máa wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, bàbá mi ní kí ọlọ́kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Ó wọlé, ó bẹ́ ìtàkùn kan tó ti ń gun igi kajú, ó sì fà á dànù. Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ yín nìyẹn ni?"

"Alájì ń sanwó ìroko fún mi," ó wí. "Ta ló mọ àwọn igi yìí jù mí lọ?"

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi ti di alágbàṣe nínú oko ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Inú bí mi, n kò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Ohun tó dùn mí jù ni pé, lórí ìdúró níbẹ̀, mo ṣì fẹ́ lọ kàwé náà.

"Gba owó Alájì," bàbá mi sọ nígbà tí a délé. "Igi á dúró." Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo gbà pé igi á dúró. Ẹni tó ń ro ó ni mò ń rò.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá mi ní òun lè yá mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, tí mo bá fọwọ́ sí i pé n kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún tí mo ti tọ́jú, owó oko pé géérégé. Ṣùgbọ́n àyè ilé-ìwé á lọ, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n á tún gbà mí. Bí mo bá gba owó Alájì, mo lè di ayàwòrán ilé tó ń forúkọ ara rẹ̀ síwèé, bàbá mi á sì máa ro kajú tí kò ní ká.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ẹ̀yin tí òbí yín ti fi nǹkan dógò nítorí ìwé yín, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe, ṣé ẹ sì kábàámọ̀ rẹ̀? Ìwé méjèèjì wà níwájú mi báyìí, ti yunifásítì àti ti ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fọwọ́ sí?