Ìyá Mi ń Mánéèjì

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ òní ni. Èmi àti ọmọ mi obìnrin nìkan la wà nílé. Ẹnì kan kí i lórí fóònù, ó sì dáhùn pé, "À ń mánéèjì o." Àyà mi já.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ní agboolé wa ní Ìmùṣin, kò sí ohun tí a kì í mánéèjì. Òrùlé ń jò, à ń mánéèjì ẹ̀. Àlejò mẹ́ta sùn sórí ẹní kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mánéèjì ẹ̀." Bàbá àgbà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ń bú láràárọ̀. Bí a bá kí i, á rẹ́rìn-ín: "Mò ń mánéèjì ẹ̀, ọmọ mi."

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí ọ̀bẹ tí ìyá mi fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gún un lẹ́sẹ̀. Ó fi àkísà dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ náà wú. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń yan gàrí bá bi í, á ní, "Mò ń mánéèjì." Ẹni tó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa, a kì í tún wádìí, ọ̀yájú ni. Èmi nìkan ni mo ń rí i bó ṣe ń wa eyín pọ̀ tó bá fẹ́ dìde.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa káàánú mi ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ara rẹ̀ gbóná bí agbada. Ó ń fi orúkọ àbúrò mi tó ti kú pè mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ bá Ìyá Adùkẹ́, aládùúgbò wa, nídìí gàrí rẹ̀.

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ mánéèjì náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Wọn ò gbádùn rárá, mà. Wọ́n fẹ́ kú."

Ó ju igbá sílẹ̀. Gàrí ń jóná, kò wẹ̀yìn. "O wá dákẹ́ láti ọjọ́ yìí! Ṣé wọ́n rán ẹnu ẹ pọ̀ ni?"

Àwọn obìnrin náà gbé e sínú ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, ó di ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀rọ ló ń yan gàrí báyìí, a sì ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ síbì kan. Ìyàwó mi náà ń sọ ọ́ títí ó fi fi mí sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé ìyá mi lọ, mo wọ mọ́tò lọ bá a. Ó lajú, ó rí mi. Kí ó tó sọ ohunkóhun, mo ká aṣọ kúrò, mo wo ẹsẹ̀ náà fúnra mi.