Oorun Tí A Wá fún Bàbá Mi

Bàbá mi kì í lè rí ẹni tó ń sùn kí inú má bí i. Dẹ́rẹ́bà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa lọ́rì, tó ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, òru ló sì máa ń rìn kí oòrùn má baà ba iṣu jẹ́. Obì ló fi ń lé oorun. Tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan bá tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dá ọkọ̀ dúró, á ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ wo táyà ẹ̀yìn. Bí ẹni náà bá ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, bàbá mi á gbéra, á fi í sílẹ̀ sínú igbó láàárín Ìpàpó àti Ìsẹ́yìn. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa náà á rẹ́rìn-ín, torí pé ó máa ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá tó bí mi ti kú tipẹ́. Ìyàwó kejì ló bá bàbá mi dàgbà, ọmọ ìlú Tẹ̀dé. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, mi ò gbọ́ kí bàbá mi pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ará Tẹ̀dé" ló ń pè é, bí àlejò tó wá kí èèyàn tí kò tètè lọ. Kò bímọ. Àwa ọmọ ń pè é ní Ìyá Tẹ̀dé, òun ló sì dáná fún wa títí oníkálukú fi lọ sí ilé tirẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi ta lọ́rì, tí àgbà dé, oorun kọ̀ ọ́ pátápátá. Ọ̀sán ló máa ń tòògbé lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ojú rẹ̀ á là kedere. Tí òun ò bá sì ti rí oorun sùn, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọ́dọ̀ sùn. Ọ̀pá ló fi ń gbá ilẹ̀kùn irin yàrá Ìyá Tẹ̀dé. Obìnrin náà á dìde, á gbé omi kaná, á fi ra ẹsẹ̀ fún un, á mú un jáde lọ tọ̀, á mú un padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì tí mo bá wá kí wọn ní Ṣakí láti Ìsẹ́yìn, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà.

"Ará Tẹ̀dé, ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló gbà ọ́ sílé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí lo bí fún mi?"

Á dákẹ́. Bàbá mi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn, kò ní dúró títí obìnrin náà á fi dáhùn pé, "Mi ò bí nǹkan kan." Nígbà náà ni ara rẹ̀ á tó rọ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀, Ìyá Tẹ̀dé á gbálẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Ó bi mí pé ta ló máa tọ́jú wọn. Mo fọ̀rọ̀ lọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù, ẹni tó wà lókè òkun. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé fi bá a mú ike oògùn oorun kan wá, tí wọ́n ń pè ní mẹlatónìn. Ó ní kì í ṣe oògùn líle, pé ẹ̀gbẹ́ èso ni wọ́n ń tà á sí nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dọ̀ wọn, pé kí wọ́n máa lo ẹyọ kan lálaalẹ́. Kò bèèrè oògùn tí Bàbá ń lò tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn.

Bàbá mi kọ́kọ́ bá wọn jà sí i. Ó ní wọ́n fẹ́ pa òun ni. Nígbà tó yá, ó gbé e mì, ó sì sùn díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú obì. Tí oògùn bá ti wọlé tán, obì á tẹ̀lé e, oorun á tún fò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún gbọ́ ẹjọ́ kankan láti Ṣakí. Mo rò pé àlàáfíà ló dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ lọ kí wọn. Ilé dákẹ́ bí ibi tí wọ́n ti kó kúrò. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn sí i láyà, eṣinṣin sì ń rìn ní ètè rẹ̀. Ìyá Tẹ̀dé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti di irun. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irun dídì lórí obìnrin náà gbẹ̀yìn. Iṣu sísun àti epo ló ń jẹ, ó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí iṣẹ́ kankan ò dúró dè.

Mo kí i, mo bi í pé kí ló ṣe Bàbá.

"Wọ́n ń sùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

"Oògùn mélòó lẹ fún wọn, Ìyá?"

"Èyí tó máa tó wọn."

Mo wọlé lọ gbé ike náà. Ó kù díẹ̀ kó tán. Ó ti ń lọ̀ ọ́ pọ̀ ni, ó ń dà á sínú ògì fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ó lè gba ẹ̀mí èèyàn. Ó wò mí. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, mi ò sùn bí ènìyàn rí. Ẹ jẹ́ kí n sùn."

A ṣì ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi lajú. Ó fẹ́ lọ tọ̀. Ó fi ọwọ́ ti àga, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì ṣì ń kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e. Orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ló ṣubú lé. Mo gbọ́ ìró egungun náà láti ibi tí mo wà. Mo sáré. Bàbá mi ń ké bí ewúrẹ́. Mo wẹ̀yìn, mo ní, "Ìyá, ẹ wá bá mi dì wọ́n mú." Ìyá Tẹ̀dé ò dìde. Ó jẹ iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́ sí ẹ̀bá ìró, ó wá ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò ìbàdí, wọ́n sì rí i pé egungun ti dá. Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó ní ká kó gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò jáde. Mo gbé ike mẹlatónìn sílẹ̀, mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Ìyá Tẹ̀dé tú etí ìró rẹ̀, ó yọ páálí kékeré kan jáde, ó gbé e lé tábìlì láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í. Oògùn oorun míì ni, èyí tó rà ní kẹ́míìsì kí tòkè òkun tó dé. Ó ti ń da méjèèjì pọ̀.

Dókítà gbé ike mẹlatónìn sókè.

"Ohun tó wà nínú ike yìí," ó ní, "ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irú rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, láti fi mọ̀ pé àsìkò oorun ti tó. Tí èèyàn bá dàgbà, ó máa ń dínkù. Oògùn náà lè ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bín-íntín là ń fún wọn, ní bíi wákàtí kan tàbí méjì kí wọ́n tó fẹ́ sùn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó sì tún yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín yìí lágbára jù fún ọjọ́ orí wọn. Ara àgbàlagbà kì í tètè lé e jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń bá wọn dé ọ̀sán tí ẹsẹ̀ ò fi gbé wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn oorun míì, tàbí ọtí. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ti àtọ̀gbẹ, tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà kó tó fi kan ẹnu."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀gbẹ́ èso ni wọ́n ń tà á sí."

"Ibi tí wọ́n ń tà á sí kọ́ ló máa sọ ohun tó máa ṣe lára ẹni tó lò ó."

Ó wá bi wá pé kí ló dé tí Bàbá ò fi ń sùn. A ti wá oògùn kiri, a ò wá ìdí. Òun ló ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ fi jáde. Ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra, ìrọ̀lẹ́ la sì ń fún wọn. Obì ńkọ́? Wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ọ̀sán ńkọ́? Wọ́n ń sùn. Ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Tẹ̀dé. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ̀yin ń sùn?"

Ìyá Tẹ̀dé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ojú sí ògiri. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, bàbá mi ní, "Ará Tẹ̀dé fẹ́ pa mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fẹ́ pa mí."

Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fi irin sí ìbàdí fún un. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo bá kó lọ sí Ṣakí láti tọ́jú rẹ̀. Dókítà gbé oògùn tí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́ fún wa. Mo ń fún un ní ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tí rédíò bá ń ka ìròyìn àṣálẹ́. Mo sún oògùn tó ń mú un tọ̀ sí òwúrọ̀, bí dókítà ṣe wí. Mo kó obì kúrò nílé. Mo ń gbé e jáde sínú oòrùn àárọ̀, mi ò sì jẹ́ kó tòògbé pẹ́ lọ́sàn-án. Mo gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kọ́ ọ pé kó jókòó ná kó tó dìde. Ó bú mi fún gbogbo rẹ̀. Kó tó gbé oògùn mì, ó ní kí èmi kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ lójú òun. Mo kọ̀. Ó tu ú sí mi lójú. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé e wá.

Bàbá mi sùn. Ó sùn bí ọmọ tuntun, láti alẹ́ dé ìdájí. Ara rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ pé. Ohun tó sì kọ́kọ́ fi orí pípé náà ṣe ni pé ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹbí, ó ní Ará Tẹ̀dé gbọ́dọ̀ kúrò nílé òun kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ohun tí obìnrin náà ti jìyà nílé yìí, lójú gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bi bàbá mi pé ibo ni obìnrin arúgbó máa lọ. Ó ní, "Ibi tó ti wá." Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo rò pé á bá wa bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó lọ," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kó tún un ṣe ni?"

"Ta ló fi oògùn ránṣẹ́ láì bèèrè?"

Ó pa fóònù.

Ẹrù Ìyá Tẹ̀dé ò ju àpò kan àti ìkòkò méjì lọ. Nígbà tó di wọ́n tán, ó wọlé lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ tó bá fẹ́ jáde. Bàbá mi ò wò ó. Ó ní kí n ti fèrèsé, pé eruku ń wọlé.

Mo sìn ín dé Tẹ̀dé. Nígbà tí a jáde kúrò nílùú, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bá mi sọ fún wọn pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ ni."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, dókítà ní ká dá oògùn dúró ká wò ó, bàbá mi ò sì tún nílò rẹ̀ mọ́. Ó ń fi irin ìtìlẹ́yìn rìn yípo ilé. Kò dárúkọ obìnrin náà, kò sì bèèrè rẹ̀ rí.

Nígbà ọyẹ́, mo lọ sí Tẹ̀dé. Mo bá Ìyá Tẹ̀dé lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó ń bó ẹ̀gẹ́ láàárín àwọn obìnrin ilé, òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun ni wọ́n sì fún ní èyí tó pọ̀ jù. Ó ti rù. Ó wá àpótí fún mi, ó bu omi fún mi. Mo ń dúró kó bi mí nípa bàbá mi. Ó bi mí nípa ọ̀nà, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi, ó bi mí bóyá èlùbọ́ wọ́n ní Ṣakí. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ kígbe láti inú ilé pé ẹ̀gẹ́ ò tíì tán. Ìyá Tẹ̀dé mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ní kí n tètè máa lọ, torí pé ọkọ̀ kì í pẹ́ tán ní gáréèjì.