Bàbá Túnjí Ò Tíì Mọ Fèé Í Sú

Háà, Bàbá Túnjí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lọ? Ọ̀gá wa nílé búrẹ́dì Ìsọlọ̀, akọ́ni-má-kẹ̀yìn-síni, èmi Ṣadé tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Onífèé ni mo wá dágbére fún yín.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, búrẹ́dì mi kì í wú lásìkò ọyẹ́. Ìtìjú ni mo fi wá bi yín léèrè. Ẹ ní, "Màá sọ fún ẹ. Kí ni ìwọ náà máa kọ́ mi?" Mo rò pé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní àfi bí wọ́n ṣe ń súfèé. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú yín, ẹ ní ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn. Ọmọ Túnjí, ọmọ-ọmọ yín, máa ń súfèé kí yín láti orí bàkónì wọn ní Ire-Akari, ẹ ò sì mọ bí ẹ ṣe máa dá a lóhùn.

Lẹ bá fi ọwọ́ mi lé fláwà tí a pò, ẹ ní, "Má wo aago. Ọwọ́ rẹ ni kó sọ fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe pẹ̀lú gbogbo wa. Dírẹ́bà wa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ Ìjẹ̀bú àárín wa kọ́ yín ní ìkọ́kọrẹ́, ẹ sì jẹ́ kó jóná. Mo béèrè ìdí tí ẹ fi máa ń ní kí a kọ́ yín ní nǹkan. Ẹ ní, "Tí mo bá kàn ń sọ fún ẹ lásán, ojú máa tì ẹ́ láti tún padà wá." Ẹ ní ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ máa ń kẹ̀yìn sí yín tó bá fẹ́ bu íìsì tó ń mú búrẹ́dì wú, ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ lẹ sì ń wò fún ọdún púpọ̀.

Àmọ́ fèé yẹn ò jáde. Fùù ni atẹ́gùn ń gba àlàfo eyín iwájú yín kọjá. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí n ní sùúrù, ó ṣì ń wú lọ́wọ́ ni. Àìsàn dé, ẹ ò padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Ó dùn mí wọra, Bàbá. Ẹ ti kọ́ mi tán, èmi ni mi ò kọ́ yín parí. Lánàá, ọmọbìnrin tuntun kan wá bá mi, búrẹ́dì rẹ̀ ò wú. Mo lanu láti bi í pé kí ló máa kọ́ mi, ẹkún ló jáde.

Tí wọ́n bá gbé yín kọjá lábẹ́ bàkónì yẹn lónìí, tí ọmọ-ọmọ yín bá súfèé, èmi ni màá dá a lóhùn fún yín.

Ẹ sùn re o, Bàbá Túnjí.