Agolo Mẹ́ta Ṣúgà

Rúùtù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọ̀pómúléró, mọjà àlékàn, abiyamọ tí í fẹ̀rín bo ìnira: ìyá mi ni mo ń kì. Bí òórùn ṣúgà tó ń jóná bá kàn mí nímú, àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìkìrun ni mo máa ń bá ara mi.

Ọjọ́ náà ni màmá mi fẹ́ kọ́kọ́ gbé búǹsì lọ tà ní ibùdókọ̀ ojú irin Òkukù. Àkàndé tó ń ṣètò àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ti ní ọjọ́ kan péré lòun máa fi dán wọn wò. Bí èrò ọkọ̀ bá rà, àyè di tiwọn. Bí wọn ò bá rà, kí màmá mi máa gbé igbá lọ sílé.

Bàbá mi, Sámúẹ́lì, kúùkù ni wọ́n nílé àwọn òyìnbó míṣọ́nnì, níbi tí wọ́n ti ń gbé gbogbo nǹkan ka òṣùwọ̀n. Kí wọ́n tó padà síbi iṣẹ́, wọ́n ní: "Pọ́n-ùn mẹ́rin fùláwà, pọ́n-ùn kan ṣúgà." Pọ́n-ùn ti ìwọ̀n o, kì í ṣe ti owó. A ò ní òṣùwọ̀n nílé, agolo mílíìkì la ní. Màmá mi mọ̀ pé agolo mẹ́ta fùláwà ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Wọn ò mọ ti ṣúgà.

Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti dé kíláàsì kejì, orí mi ti wú. Mo ní, "Màmá, pọ́n-ùn ni pọ́n-ùn ń jẹ́. Agolo mẹ́ta náà ni." Wọ́n wò mí bíi pé bíṣọ́ọ̀bù ló ń wàásù, wọ́n sì bu agolo mẹ́ta.

Búǹsì bọ́ sínú epo, ó dúdú kí n tó ṣẹ́jú. A bu ọ̀kan wò, inú rẹ̀ ṣì ń fà. Fùláwà ti tán, ọkọ̀ ojú irin ò sì ní dúró dè wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e lọ.

Ìyá Ràfátù ará Ìnísà, tí àwọn náà ń ta búǹsì níbẹ̀, ló ṣí aṣọ orí igbá wa. "Ìyá Délé, ẹ kú iṣẹ́ o! Alágbẹ̀dẹ wo lẹ ń gbé èédú yìí lọ fún?"

Màmá mi ní, "Ẹ mú ẹyọ kan, Ìyá Ràfátù. Tìróò ojú yín ti ń ṣí."

Gbogbo ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kì í ra búǹsì. Ọkùnrin kan gé ọ̀kan jẹ, ó tutọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Àkàndé mi orí. Àyè bọ́.

Mo ti ń fọwọ́ pa ìdí mi kí a tó délé. Màmá mi ò nà mí. Wọ́n ní, "Ọmọ tó da ọbẹ̀ nù, òun náà ni yóò tún omi kaná."

Nígbà tí bàbá mi dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé agolo fùláwà lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé ti ṣúgà lé òsì. Ọwọ́ òsì mi wálẹ̀ wìì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Délé, ọwọ́ rẹ mọ̀wé ju orí rẹ lọ."

Òkukù ò gba màmá mi mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkìrun ni wọ́n ti ta búǹsì títí wọ́n fi darúgbó, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n máa wọn ṣúgà: agolo méjì tí kò kún dẹ́nu.

Délé ìgbà náà, ìdáhùn ti ń dúró lẹ́nu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Délé arúgbó yìí, àlùfáà ní kó bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú ibojì, ó dúró gbagidi, ó ń béèrè pé báwo ni díẹ̀ ṣe tó. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé etí mi ló di.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la sin màmá mi, ní Ìkìrun.