Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Rẹ Lórí Àpáta?

Ọkọ mi kò mọ bí a ṣe ń sinmi. Ní Sátidé, nígbà tí àwọn ọkùnrin Bódìjà yòókù bá ń fọ mọ́tò tàbí tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ní báráńdà, òun á ti kó bátìrì, wáyà, ọ̀pá oparun àti rédíò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò sẹ́yìn ọkọ̀ ìjàpá wa, a ó sì forí lé ọ̀nà Èrúwà. Àpáta ńlá kan wà níbẹ̀ tí a máa ń gùn. Ó ní iná mànàmáná Bódìjà ń hó nínú rédíò bí ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná, pé orí òkè nìkan ni etí ti ń gbọ́ràn. Òun ló ń ru bátìrì. Á máa mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí n gbà á.

Kì í ṣe ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà. Irin kékeré kan ló máa ń tẹ̀: ohùn kúkúrú, ohùn gígùn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí yóò fi di ọ̀rọ̀. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti kọ́ mi. Ó ní bí ìkọ̀wé èèyàn méjì kì í ti í jọra, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtẹ̀ wọn; ẹni tó bá mọ ọwọ́ rẹ yóò dá ọ mọ̀ kí o tó sọ ẹni tí o jẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi àti tirẹ̀ kò yàtọ̀. Mo kọ́ ọ mọ́ gbogbo àṣà rẹ̀, títí kan bó ṣe máa ń fa ohùn ìkẹyìn gùn bí ẹni tí kò tíì fẹ́ lọ.

Ẹni tó máa ń bá sọ̀rọ̀ jù ni bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Jọ́ọ̀sì. Bàbá yìí náà máa ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ní Sátidé. A ò rí wọn rí. Àmì tí ìjọba fún rédíò wọn nìkan la mọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ orí ju ọkọ mi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, kò sí àgbà lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ni, “Arúgbó, o ò tíì ṣubú?” Bàbá Jọ́ọ̀sì á dáhùn pé, “Ó di ìgbà tí mo bá sin ọ́.” Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò fẹ́ gbọ́ àwàdà yìí sétí. Wọ́n á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ò rí nǹkan mìíràn fi ṣeré ni?”

Nígbà tí àìsàn dé, ọkọ mi ní ibà lásán ni. Kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, ó ti kú.

Nígbà tí mo jáde opó, oníkálukú ló ń bi mí ta ni màá fún ní rédíò náà. Inú bí mi sí gbogbo wọn. Mo fi òṣùká ru bátìrì, mo gun àpáta lọ. Orúkọ ọkọ mi ló wà nínú ìwé àṣẹ, mo mọ̀. Kí ìjọba wá mú mi. Bàbá Jọ́ọ̀sì kò tíì gbọ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Mo tẹ àmì wa. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni èsì dé: “Ìwọ nì yẹn! Ibo lo wà látọjọ́ yìí?”

Orí mi wú. Ọwọ́ òkú ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì kí i káàbọ̀.

A kì í dédé túfọ̀ fún èèyàn. Bí ẹni náà bá wà lọ́nà jíjìn, a ó ní ara ẹnìkan ni kò yá, kó máa bọ̀. Bó bá dé, a ó fún un lómi, a ó ní kó jókòó, àwọn àgbà á yí i ká, kí wọ́n tó là á fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á fún bàbá arúgbó tó dá wà lórí òkè, tí yóò tún dá sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta? Bí ẹsẹ̀ wọn bá yẹ̀ ńkọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ pé ara mi ni kò yá, pé ó ti ń sàn.

Wọ́n wá béèrè pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Mo ní, “Ìyàwó mi ni.” Irọ́ kọ́ ṣáá. Mo wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mi ò bú wọn bí ọkọ mi ti máa ń bú wọn, nítorí mo mọ èsì tí yóò tẹ̀lé e, etí mi ò sì lè gbà á. Kò sí Sátidé tí wọn kì í béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Ọkọ mi kò sí nílé, kò sí lórí àpáta, àfi nínú ìka mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró de omi tí mo gbé kaná, mi ò mọ̀ pé ìka mi ti ń tẹ tábìlì. Ìyá ọkọ mi pariwo láti yàrá pé, “Ọmọ mi! Ṣé o ti dé?” Wọ́n jáde wá, wọ́n wo ọwọ́ mi títí.

“Ìyàwó, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni wọ́n wí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n yíjú padà. “Tàbí kí o máa ṣe é, kí n máa gbọ́.”

Mo rí i pé kò lè máa lọ bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tẹ̀ ẹ́ sí Bàbá Jọ́ọ̀sì pé ara tún ti ń yọ mí lẹ́nu, kí wọ́n wá kí mi ní Ìbàdàn. Mo júwe ilé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé Dùgbẹ̀, àwọn àti ìyàwó wọn. Mo ti pe pásítọ̀ wa. Àwọn àti ìyá ọkọ mi ti jókòó sí pálọ̀. Mo gbé omi fún àwọn àlejò. Bàbá gùn, wọ́n tín-ín-rín. Wọ́n mu omi náà tán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…”

“Ìyàwó wa, dìde,” ni wọ́n wí. “Láti Sátidé àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ kì í kí mi kó má bú mi.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ṣebí mò ń bi ọ́ ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Òkú lo fi ń dá mi lóhùn. Bí mo bá là á fún ọ lórí àpáta yẹn, ta ni yóò dì ọ́ mú sọ̀ kalẹ̀?”

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìyàwó wọn ti kúrò lórí àga, wọ́n ti kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n sì ti di apá mi mú. Èmi ni wọ́n wá túfọ̀ fún. Mo sunkún tí mi ò sun nígbà ìsìnkú.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Jọ́ọ̀sì, mo tún gun àpáta. Wọ́n ti ń dúró. Wọ́n béèrè pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Èmi nìkan ni.”

“Ó dára,” ni èsì wọn. “Rọra sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní kúrò níbí títí wàá fi délẹ̀.”